Èèkàn Tó Rúwé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ìyá bàbá mi jẹ́, kó wá sí ilé wa ní Ìwó, kó wo ẹ̀gbẹ́ ilé lọ́wọ́ ọ̀tún. Ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mọ́tò kan á dúró síbẹ̀ dáadáa, ilẹ̀kùn rẹ̀ á sì ṣí lọ́tùn-ún lósì. Ìyá àgbà kò ní mọ́tò rí láyé wọn. Wọn ò tilẹ̀ fẹ́ràn ọkọ̀ wíwọ̀, torí bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ dé Ilé-Ogbó lásán, èébì ni. Síbẹ̀, àyè mọ́tò yẹn ni wọ́n ṣọ́ títí wọ́n fi kú, òun náà sì ni mo fẹ́ fi rántí wọn. Mi ò mọ bí a ṣe ń to ìgbésí ayé ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún tí wọ́n bí wọn gan-an, àwọn fúnra wọn ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ọdún tí eṣú pọ̀ ni.

Ilé méjì ló wà níbẹ̀, tiwa àti ti Alhaji Làsísì tó ń ta pákó. Ọ̀nà kan wà láàrin ilé méjèèjì, ó fẹ̀ tó kí mọ́tò méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bàbá bàbá mi àti bàbá Alhaji ló jọ fi ọ̀nà yìí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Olúkúlùkù yọ díẹ̀ nínú ilẹ̀ tirẹ̀, wọ́n ní kí ọ̀nà wà, kí ẹnikẹ́ni má mọ odi sí i. Ìdajì jẹ́ tiwa, ìdajì jẹ́ tiwọn. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀, wọn ò sì ri òkúta kankan mọ́lẹ̀ láti fi ṣàmì. Kò sẹ́ni tó ní ju kẹ̀kẹ́ ológeere lọ nínú àwọn méjèèjì nígbà náà. Ti ọmọ ni wọ́n ń rò.

Àárọ̀ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Bí Ìyá àgbà bá ti kírun tán, ọwọ̀ ni wọ́n ń mú. Àwọn obìnrin yòókù ládùúgbò, iwájú ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbá, kí àwọn tó ń kọjá lè rí i pé ilé mọ́. Ìyá àgbà, ẹ̀gbẹ́ ilé ni, ìdajì ọ̀nà tó jẹ́ tiwa, láti ẹnu títì wọlé wá títí dé ẹ̀yìn. Wọ́n á gbá a dé àárín gbùngbùn, wọ́n á dúró. Ojú ọwọ̀ á hàn lórí ilẹ̀, tààrà bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Ewé tó bá bọ́ sápá ti Alhaji, wọn ò ní fọwọ́ kàn án, ì báà jẹ́ ẹyọ kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kúkú gbá gbogbo rẹ̀ pọ̀, ṣebí ewé mélòó ni. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, tí mo bá bá wọn gbá tiwọn lónìí, tó bá pẹ́ wọn ó gbàgbé ibi tí tiwọn ti bẹ̀rẹ̀. Èmi náà á gbàgbé ibi tí tèmi parí sí."

Ẹni tí wọ́n ń gbá a dè ni bàbá mi, Mọ́rúfù, ọmọ kan ṣoṣo tó yè fún wọn nínú gbogbo àwọn tí wọ́n bí. Awakọ̀ tírélà ni bàbá mi, ẹrù ló ń kó lọ sókè Ọya. Ìyá mi ti lọ sílé ọkọ mìíràn ní Kuta nígbà tí mo ṣì ń rá, ìjà kankan ò sì sí nínú ìyẹn. Ìyá àgbà ló tọ́ mi. Mo rántí ìgbà ìkẹyìn tí bàbá mi wálé. Tírélà ò lè wọ ọ̀nà wa, ó gbé e kalẹ̀ sétí títì, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó na apá méjèèjì, ó ń fi ojú wọn ilẹ̀ yẹn. Ó ní òun máa tó kúrò lẹ́nu ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, òun máa ra tòun, kékeré báyìí, tí òun á máa fi gbé ìyá òun lọ kí àwọn ẹbí. Ìyá àgbà ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, èébì ni àwọn máa bì sínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Màámi, ẹ ṣáà bá mi tọ́jú àyè mọ́tò mi."

Ó lọ. Fún ìgbà díẹ̀, ó máa ń pè. Ó pè lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ti kọjá Kánò, pé iṣẹ́ ṣì wà níwájú. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. A wá a. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ oríṣiríṣi: ẹnì kan ní òun rí i nínú gáréèjì kan, ẹlòmíràn ní ẹni tó jọ ọ́ ni. Kò sí òkú, kò sí ìròyìn. Mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Lónìí, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn níwèé n'Íbàdàn, ìròyìn náà ò tíì dé.

Láti ìgbà tí fóònù bàbá mi ò ti lọ mọ́ ni àwọn ará àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ìyá àgbà ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ, nítorí ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń sè. Àánú ló ṣe wọ́n, wọn ò fẹ́ máa dárúkọ Mọ́rúfù sí wọn létí. Àánú yìí gan-an ni Ìyá àgbà ò fẹ́ rí. Ẹ ó pè wọ́n ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ títí, wọ́n á máa ro ọṣẹ wọn nínú ìkòkò bí ẹni pé atẹ́gùn ló ń fẹ́. Obìnrin kan wá ra ọṣẹ lọ́jọ́ kan, ó pè wọ́n títí ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ há kí wọ́n tó gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìyá Mọ́rúfù ni mí. Orúkọ mi ò tíì yí padà." Wọ́n ta ọṣẹ fún un, wọ́n sì fún un ní ènì, kó má baà rò pé wọ́n ń bínú sí òun.

Ààfáà kan náà wá, ọ̀rẹ́ Bàbá àgbà láti ọjọ́ pípẹ́, ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó jókòó, ó mumi, ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ pé ọdún ti ń gorí ọdún, bóyá ó yẹ kí a ṣe fìdáù fún Mọ́rúfù, kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀. Ìyá àgbà gbọ́ ọ títí ó fi parí, wọn ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, àgbàlagbà bí tiwọn, wọ́n ní, "Ààfáà, àdúrà pé kó tètè dé ni kí ẹ bá mi ṣe. A kì í ṣe fìdáù fún ẹni tó ń bọ̀." Ààfáà ṣe àdúrà náà. Mo rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó ń wọ bàtà rẹ̀.

Ẹ má rò pé ènìyàn oníbànújẹ́ ni wọ́n o. Wọ́n mọ ìjà jà. Wọ́n bá oníkẹ̀kẹ́ tó ń fun fèrè nídìí ilé jà, wọ́n bá aládùúgbò tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ̀fọ́ wọn jà, wọ́n bá èmi náà jà lórí fóònù tí mo ń tẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀. Ohun kan tí mi ò rí lára ẹlòmíràn ni pé ẹni tí wọ́n bá ń bá jà ni wọ́n ń kí jù. Bí inú wọn bá dùn sí ọ, ẹ kú àárọ̀ kan ti tó. Bí ẹ bá ń jà, wọ́n á kí ọ, wọ́n á kí àwọn ọmọ rẹ, wọ́n á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ líle á tó tẹ̀ lé e. Bí wọn ò bá sì tíì bọ́jú láàárọ̀, wọn kì í kí ẹnikẹ́ni, wọn kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ní ojú tí a ò tíì bọ́ ò lè rí ẹ̀tọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Ọdún Iléyá kan, òjò ń rọ̀ lemọ́lemọ́. Alhaji Làsísì ra àgbò ńlá kan, pákó sì kún apá tiwọn débi pé kò sí ibi tí wọn ó so ó mọ́. Wọ́n wá tọrọ àyè lọ́wọ́ Ìyá àgbà. Ìyá àgbà ní kí ni wọ́n ń tọrọ sí, ṣebí ẹran ọdún ni. Ìdí ògiri wa, níbi tí òrùlé ti yọ síta díẹ̀ tí òjò ò fi ní pa ẹran, ni wọ́n yàn fún un. Àwọn fúnra wọn ló lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n gé ọ̀pá pèrègún kan, wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, wọ́n fi ọmọ odó gbá a wọlẹ̀ kó di èèkàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílẹ̀ yìí ti rí àṣìṣe tó wà níbẹ̀. Pèrègún kì í kú. Gé e, jù ú sílẹ̀, á hù. A pa àgbò, a jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó rántí fa èèkàn yọ. Kí òjò ọdún náà tó dá, ó ti rúwé. Pèrègún sì ni àwọn baba wa fi ń pààlà ilẹ̀. Níbi tó bá dúró sí, ilẹ̀ ẹnì kan parí síbẹ̀, ti ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fà á tu, ojú olè ilẹ̀ ni wọn ó fi máa wò ó títí ayé. Ìyá àgbà rí i pé ó ti ń rúwé, wọ́n dúró tì í, wọ́n mi orí. Wọ́n ní kò burú, gbogbo ayé kúkú mọ̀ pé èèkàn ni.

Gbogbo ayé gbàgbé. Nígbà tó yá, Alhaji ra mọ́tò tòkunbọ̀ kan, aláwọ̀ eérú, ohun tó sì dára ni, àwa náà bá wọn yọ̀. Mọ́tò yẹn ò lè yí dáadáa lápá tiwọn nìkan nítorí pákó. Ìyá àgbà ní kí wọ́n máa gba apá tiwa kọjá. Ó ń kọjá, ó ń kọjá, ó wá di pé ó ń sùn síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá àgbà mú ọwọ̀, wọ́n bá táyà lórí ibi tí wọ́n fẹ́ gbá. Wọ́n padà sílé, wọ́n bọ́jú, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn Alhaji. Wọ́n kí wọn, wọ́n kí ìyàwó wọn, wọ́n kí mọ́tò pàápàá. Wọ́n ní, "Kó máa kọjá, Alhaji. Kó má ṣe sùn." Alhaji tọrọ àforíjì, wọ́n gbé mọ́tò kúrò. Fún ìgbà díẹ̀, kò sùn síbẹ̀ mọ́.

Mo ní láti sọ pé Alhaji Làsísì kì í ṣe ènìyàn búburú. Ìbá rọrùn fún mi bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, mọ́tò wọn yẹn náà ló gbé mi lọ sí ọsibítù. Ìyá àgbà náà kì í se ẹ̀wà kó má dé ọ̀dọ̀ wọn. Òjò ńlá kan rọ̀, mọ́tò rì sínú ẹrẹ̀ lápá tiwa, táyà ń yí lásán, ó ń ta ẹrẹ̀ sára ògiri. Ìyá àgbà gbé apẹ̀rẹ̀ èèpo èkùrọ́ jáde, èyí tí wọ́n ń kó jọ nídìí àdí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, wọ́n tẹ̀ ba nínú òjò, wọ́n dà á sábẹ́ táyà fúnra wọn. Mọ́tò jáde. Alhaji ń dúpẹ́ lójú fèrèsé. Ìyá àgbà nu ojú wọn, wọ́n ní, "Èèpo èkùrọ́ ni mo fún un yín o. N ò fún un yín nílẹ̀."

Ọjọ́ tó burú dé nígbà tí Alhaji mú bíríkìlà wá láti fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ọ̀nà. Okùn ni bíríkìlà kọ́kọ́ fà, láti ẹsẹ̀ ògiri Alhaji títí dé ìdí pèrègún. Ìdí pèrègún yẹn ò jìnnà sí ògiri wa ju ibi tí ènìyàn lè jókòó sí lọ. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ìdajì tiwa ti lọ nìyẹn, kẹ̀kẹ́ ológeere nìkan ló kù tó lè gba ibẹ̀. Ìyá àgbà jáde tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́. Wọ́n kí bíríkìlà, wọ́n ní Alhaji, èèkàn àgbò yín nìyẹn. Alhaji rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ta ni ò mọ ohun tí pèrègún ń ṣe láàrin ilẹ̀ méjì. Ìyá àgbà ò jiyàn. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé ẹní jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ìdajì tiwa, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ń gé ọṣẹ. Bíríkìlà ò lè da sìmẹ́ńtì sórí arúgbó. Apá ti Alhaji nìkan ló tẹ́ lọ́jọ́ náà.

Alhaji pe àwọn àgbà àdúgbò. Mo ti dé láti Ìbàdàn fún ìsinmi, torí náà ojú mi ló ṣe. Àwọn àgbà mẹ́ta jókòó sábẹ́ òrùlé wa, pèrègún náà wà níwájú wọn, ó ti ga tó ejìká ènìyàn. Alhaji sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n ní àwọn rántí pé àwọn so àgbò mọ́ igi yìí, àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn àwọn ni pé ó ti wà níbẹ̀ kí àgbò tó dé. Mo wo ojú wọn, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rántí rẹ̀ lóòótọ́. Ìbá tán síbẹ̀. Wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ kan lé e, ọ̀rọ̀ tí àwọn náà ìbá gbé mì bí wọ́n bá rí i gbé mì. Wọ́n ní, "Àti pé, Ìyá, mọ́tò ta lẹ tiẹ̀ ń tọ́jú àyè fún? Ta ló ń bọ̀?"

Àwọn àgbà ń wo ilẹ̀. Mo fẹ́ dìde, mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ dìde ṣe. Ìyá àgbà ló dìde. Wọ́n so ìró wọn le, wọ́n rìn lọ sẹ́yìnkùlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo rò pé wọ́n lọ sunkún ni. Wọ́n padà wá, wọ́n ń fa ewúrẹ́ wọn kan ṣoṣo lókùn. Wọ́n so ó mọ́ pèrègún, wọ́n fa okùn wò bóyá ó le, wọ́n padà síbi ìjókòó wọn. Ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara yún igi náà. Ìyá àgbà ní, "Ẹ̀yin àgbà, ó ti ń ṣe iṣẹ́ tí mo tìtorí rẹ̀ rì í. Èèkàn ni."

Àgbà kan kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní kí ọ̀nà wà bí àwọn bàbá ṣe fi í sílẹ̀, kí àyè náà wà títí Mọ́rúfù á fi dé. Alhaji ò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Gbogbo àdúgbò ló sọ ìtàn ewúrẹ́ yẹn kiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ló mọ bó ṣe parí. Nígbà tí àwọn àlejò lọ, mo gbé oúnjẹ fún Ìyá àgbà, wọn ò jẹ ẹ́. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà lọ́wọ́ láìkà á. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, wọ́n ní ta ló ń bọ̀." Mo jókòó tì wọ́n ni.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọdún Iléyá, ní àìsùn ọdún, kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á so ewúrẹ́ mọ́ pèrègún. Ọdún tí a rí ẹran pa, ọdún tí a ò rí, ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ lọ dúró síbẹ̀. Nígbà tí ewúrẹ́ yẹn kú, wọ́n ń yá ti aládùúgbò, aládùúgbò kan náà tí wọ́n bá jà nítorí ẹ̀fọ́. Alhaji á kọjá, wọ́n á kí ara wọn, wọn ò ní wo ibi tí ẹran wà. Alhaji ò sì fi ìgbà kan pe Ìyá àgbà ní ohun tó ju Ìyá Ọlọ́ṣẹ lọ. Ìyá àgbà pẹ̀lú ò dá wọn lóhùn orúkọ yẹn rí, ìkíni nìkan ni wọ́n ń dáhùn.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wá lẹ́yìn ìyẹn, ó fẹ́ kọ́ ìsọ̀ P.O.S. kékeré sórí ilẹ̀ náà. Èmi ni mo bá a bẹ̀bẹ̀. Mo ní ṣebí kò ní pẹ́ kó tó palẹ̀ mọ́ bí a bá nílò ibẹ̀, pé ilé á tilẹ̀ ní ẹni tí yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, torí mo mọ̀ pé ilé náà ti dákẹ́ jù láti ìgbà tí mo ti lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n wò mí bí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Wọ́n ní, "Ṣé kí Mọ́rúfù dé tán, kó wá dúró sétí títì bí àlejò?"

Ohun kan tó kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ ni ti ìró ọkọ̀. Nírọ̀lẹ́, Ìyá àgbà máa ń gbé àpótí jáde síwájú ilé, a ó jọ máa sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ tí kò dín eré kù, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wọn lọ. Bí ọkọ̀ bá dín eré kù lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n á dákẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu wọn. Bó bá ti kọjá, wọ́n á mú ọ̀rọ̀ náà níbi tí wọ́n fi í sí. A ò sọ nípa rẹ̀ rí. Mo bá a dàgbà ni, mo sì gbé e lọ sí Ìbàdàn. Nínú kíláàsì pàápàá, bí mọ́tò bá dín eré kù lójú fèrèsé, èmi náà á dákẹ́, àwọn ọmọ á rò pé mo fẹ́ béèrè ìbéèrè.

Àkókò ọyẹ́ ni Ìyá àgbà kú, ìgbà tí ewé ń já jù. Alhaji ló pè mí. Wọ́n ní àwọn ń ti mọ́sálásí bọ̀, àwọn rí i pé ewé kún ìdajì tiwa, oòrùn sì ti ń yọ. Wọ́n ní àwọn mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n rán ìyàwó wọn wọlé, ó bá Ìyá àgbà lórí ẹní ìrun, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. Ọjọ́ náà ni a sin wọ́n sẹ́yìnkùlé. Mo dé, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tán. Àwọn ènìyàn pọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa nípa wọn, ilé kún. Nígbà tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, gbogbo wọn lọ, mo wá rí bí ilé náà ṣe tóbi tó fún ènìyàn kan. Mo ronú pé bí wọ́n ṣe gbé inú rẹ̀ nìyẹn ní gbogbo àsìkò tí mo wà n'Íbàdàn.

Iléyá ọdún yìí ni àkọ́kọ́ láìsí wọn. Mo dé ní àìsùn ọdún, ilẹ̀ ti ń ṣú, mi ò sì mú ẹran kankan dání. Ewé ti bo àyè mọ́tò, àmọ́ mo wò ó dáadáa, kò sí ojú táyà níbẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, mo ń rò ó. Mi ò ní mọ́tò. Mi ò lọ́kọ tó ní mọ́tò. Èmi ni mo kù nínú ilé náà, èmi náà sì ń gbé ìlú mìíràn. Mo ní bóyá kí n kúkú lọ sọ fún Alhaji láàárọ̀ pé kí wọ́n máa lo ibẹ̀. Lọ́kàn mi, mo mọ ohun tí mo máa tipa bẹ́ẹ̀ sọ. Bí mo bá fi àyè yẹn sílẹ̀, mo ti dáhùn ìbéèrè tí Ìyá àgbà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn. Mo sùn lọ lórí rẹ̀.

Ní ìdájí, mo kírun, mo mú ọwọ̀, mo yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Àgbò kan wà níbẹ̀, ńlá, funfun, wọ́n so ó mọ́ pèrègún. Alhaji Làsísì dúró tì í, wọ́n ń fún un ní koríko jẹ. Apá tiwọn ti di sìmẹ́ńtì, wọ́n ti kó pákó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àyè tí àgbò mẹ́ta lè gbà wà níbẹ̀. Wọ́n ti darúgbó. Mi ò kíyè sí i tẹ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn kú ọdún. Wọ́n ní kí n dìde.

Wọ́n ní, "Má bínú, ọmọ mi, mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ. Mo ronú pé o lè má rí ẹran so." Wọ́n fi ọwọ́ kan igi náà. "Èèkàn ni. Ìyá Mọ́rúfù ti sọ ọ́ tipẹ́."

Wọ́n ní bí àwọn bá ti pa ẹran tán, àwọn á ní kí wọ́n fọ ibẹ̀, kí ilẹ̀ náà lè wà ní mímọ́. Wọn ò sọ pé nítorí kí ni. Mo tẹ̀ ba, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀, láti ẹnu títì wọlé wá. Nígbà tí mo gbá a dé àárín, mo dúró.

Ọkọ̀ kan ń bọ̀ lórí títì. Ó dín eré kù lẹ́nu ọ̀nà wa. Alhaji di koríko mú, èmi di ọwọ̀ mú, a dákẹ́ títí tó fi kọjá.